Ìwọ̀n Ìgbóná Àwọn Ìkùukùu Tí Ó Wà Láàárín Àwọn Ìràwọ̀

Alágbẹ̀dẹ kì í fi ọwọ́ kan irin kí ó tó mọ bí ó ti gbóná tó. Ní àwọn abúlé oko tí ó yí Olódò ká létí Ìbàdàn, bí ó ti rí ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ojú ni alágbẹ̀dẹ fi ń wọn ìgbóná. Bí irin bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n, ó mọ̀ pé kò tíì tó lù. Bí ó bá pọ́n yòò tí ó ń fẹ́ di funfun, ó mọ̀ pé àkókò ti tó láti yọ ọ́ kúrò nínú iná. Obìnrin tí ń yan gàrí náà ní ọgbọ́n tirẹ̀: ó lè ta omi díẹ̀ sínú agbada, kí ó sì fetí sí bí omi náà ti ń dún. Ọ̀kan ń fi ojú wò, èkejì ń fi etí gbọ́. Kò sí èyí tí ó fi ọwọ́ kàn án nínú àwọn méjèèjì.

Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín jẹ mọ́, ṣùgbọ́n ohun tí a ń wọn ìgbóná rẹ̀ jìnnà réré sí àgbẹ̀dẹ. Àwọn ìkùukùu ńláńlá kan wà láàárín àwọn ìràwọ̀. Ìmọ́lẹ̀ a máa rin nǹkan bí 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, síbẹ̀ ó ń lo ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí ó tó ti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó sún mọ́ wa nínú wọn dé ayé. Kò sí ẹni tí yóò dé ibẹ̀ láti ti tẹmómítà bọ inú wọn. Síbẹ̀ àwọn onímọ̀ ti wọn ìgbóná wọn, wọ́n sì wọ̀n ọ́n péye. Báwo ni wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n? Kí sì ni ó kan ọmọ aráyé nínú bí wọ́n ti gbóná tàbí bí wọ́n ti tutù? Ìbéèrè méjì yìí ni àlàyé yìí yóò gbìyànjú láti dáhùn.

Ohun tí àwọn ìkùukùu náà jẹ́

Ní òru tí òṣùpá kò sí, láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù kẹjọ, lẹ́yìn tí òjò ìrọ̀lẹ́ bá ti fọ ojú ọ̀run mọ́, ẹni tí ó bá dúró ní oko tí iná ìlú kò tàn dé yóò rí ohun kan bí ọ̀já funfun tí ó gba ojú ọ̀run kọjá. Ìràwọ̀ àìníye ni ọ̀já náà. Bí ó bá tẹjú mọ́ ọn, yóò rí i pé àwọn ibì kan dúdú ní àárín rẹ̀, bí ẹni pé ọ̀já náà ti ya. Ó pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi rò pé ihò lásán ni àwọn ibi dúdú wọ̀nyí, pé kò sí ìràwọ̀ níbẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìkùukùu ni wọ́n, èyíinì ni gáàsì àti eruku lẹ́búlẹ́bú tí ó dí ìmọ́lẹ̀ àwọn ìràwọ̀ tí ó wà lẹ́yìn wọn, gẹ́gẹ́ bí ọyẹ́ ti í fi eruku bo àwọn òkè mọ́ wa lójú ní oṣù kìíní.

Bí a tilẹ̀ ń pè wọ́n ní ìkùukùu, wọn kò jọ èyí tí ń rọ òjò. Mólékù ni a ń pe ẹyọ tí ó kéré jù lọ nínú ohun kan tí ó ṣì ń jẹ́ ohun náà. Nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, ìwọ̀n tí kò ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ ní ìbú, ní òró àti ní gíga ní mólékù tí ó ju mílíọ̀nù mílíọ̀nù mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ. Nínú àwọn ìkùukùu ọ̀run wọ̀nyí, ní ibi tí gáàsì ti nípọn dáadáa pàápàá, nǹkan bí 10,000 ni a lè rí nínú ìwọ̀n kan náà. Ṣùgbọ́n nítorí pé ìkùukùu náà tóbi púpọ̀, bí a bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, ó lè wúwo ju oòrùn wa lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Ìràwọ̀ kò sì ní orísun mìíràn ju irú ìkùukùu yìí lọ. Inú rẹ̀ ni a ti bí oòrùn wa. Inú rẹ̀ ni a ti ń bí àwọn ìràwọ̀ títí di òní.

Ìdí tí ìgbóná wọn fi ṣe pàtàkì

Agbára méjì ni ó ń bá ara wọn jà nínú ìkùukùu kọ̀ọ̀kan. Ìwúwo rẹ̀ ń fà á sínú, ó ń fẹ́ kí ó wó lu ara rẹ̀. Ìgbóná rẹ̀ ń tì í síta, ó ń fẹ́ kí ó túká. Ní ọdún 1902 ni James Jeans, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, fi ìṣirò hàn bí a ṣe lè mọ èyí tí yóò borí nínú àwọn méjèèjì. Bí ìgbóná ìkùukùu kan bá di ìlọ́po mẹ́rin ti èkejì, tí wọ́n sì nípọn bákan náà, èyí tí ó gbóná náà gbọ́dọ̀ wúwo ní ìlọ́po mẹ́jọ kí ó tó lè wó sínú ara rẹ̀ di ìràwọ̀.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ìgbóná kò fi jẹ́ ọ̀rọ̀ eré. Ẹni tí ó bá ṣi ìgbóná ìkùukùu wọ̀n yóò ṣi ọjọ́ ọ̀la rẹ̀ mọ̀ pẹ̀lú: yóò wo èyí tí yóò túká dànù, yóò sọ pé ìràwọ̀ ń bọ̀ níbẹ̀, yóò wo èyí tí ìràwọ̀ wà nínú rẹ̀, yóò sì sọ pé òfìfo ni.

Òtútù àti ooru

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ méjì yìí, nítorí èdè wa a máa pín wọn níyà. Yorùbá a máa sọ pé òtútù mú òun, tàbí pé ooru mú òun, bí ẹni pé ẹ̀dá méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ń mú ènìyàn. Lójú onímọ̀ ìṣẹ̀dá, ẹ̀dá kan ṣoṣo ni. Ohun tí à ń pè ní ìgbóná kò ju bí àwọn mólékù ti ń sáré, tí wọ́n ń ta ara wọn nù lọ. Bí wọ́n bá ń sáré kíkankíkan, a ó ní ohun náà gbóná; bí wọ́n bá ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, a ó ní ó tutù. Òtútù kì í ṣe ohun kan tí ó wọlé. Ooru ni ó jáde.

Nítorí náà òpin wà fún òtútù. Bí a bá gba gbogbo ooru tí ó ṣe é gbà lọ́wọ́ ohun kan, kò sí bí ó ti tún lè tutù sí i. Òpin yìí wà ní ìwọ̀n 273 nísàlẹ̀ òdo Celsius, níbi tí omi ti ń di yìnyín. Láti ibi òpin yẹn ni ìwọ̀n tí à ń pè ní Kelvin ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Omi ń di yìnyín ní 273 Kelvin. Ọ̀sán gangan ní Olódò, bí ó bá jẹ́ 35 ní ti Celsius, jẹ́ 308 ní ti Kelvin. Àwọn ìkùukùu dúdú tí à ń sọ̀rọ̀ wọn yìí kì í sábà ju nǹkan bí 10 Kelvin lọ ní àárín gbùngbùn wọn. Kò sí ibì kankan lójú ilẹ̀ ayé tí ó tutù tó bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ìdí tí ọgbọ́n alágbẹ̀dẹ kò fi tó

Irin àgbẹ̀dẹ ń tan ìmọ́lẹ̀ tí ojú lè rí nítorí pé ó gbóná gidigidi. Ohun tí ó wà ní 10 Kelvin kò lè tan irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìṣòro kejì tún wà. Háídrójìn ni ó pọ̀ jù lọ nínú gáàsì náà, ṣùgbọ́n odi ni mólékù háídrójìn nínú òtútù. Kí ó tó lè gun àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ tí yóò mú kí ó sọ̀rọ̀, ó ń fẹ́ agbára tí ó tó ti gáàsì tí ìgbóná rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 500 Kelvin. Nínú ìkùukùu tí kò ju 10 lọ, kò sí ẹni tí yóò fún un ní agbára yẹn. Ọ̀pọ̀ èrò kún ọjà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó la ẹnu nínú wọn.

Bí onílé kò bá sọ̀rọ̀, a lè bi àlejò tí ń gbé láàárín wọn. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò bẹ́ẹ̀ ni amóníà. Ẹni tí ó bá ti wọ ilé adìyẹ tí a kò tíì kó ìgbẹ́ rẹ̀ mọ amóníà: òun ni òórùn tí ń ta ènìyàn nímú títí omi fi ń bọ́ lójú. Nínú àwọn ìkùukùu ọ̀run, mólékù amóníà kan ṣoṣo ni a lè rí láàárín ẹgbàágbèje mílíọ̀nù mólékù háídrójìn. Ṣùgbọ́n bí ó ti kéré tó yìí, àwọn háídrójìn náà ń kọlù ú, wọ́n ń tì í síhìn-ín sọ́hùn-ún. Nítorí náà bí ọjà náà bá ti gbóná tó ni yóò hàn lára rẹ̀.

Ní ọdún 1968 ni Charles Townes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì California, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ gbọ́ ohùn amóníà láti ọ̀run. Àwo rédíò tí wọ́n lò ní Hat Creek kò fẹ̀ ju nǹkan bí mítà mẹ́fà lọ. Ìhà àárín gbùngbùn ọ̀já ìràwọ̀ tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí.

Ohùn amóníà

Átọ́ọ̀mù mẹ́rin ni ó para pọ̀ di amóníà: háídrójìn mẹ́ta tí ó tò bí ààrò mẹ́ta, àti náítrójìn kan tí ó jókòó sórí wọn bí ìkòkò. Ṣùgbọ́n ìkòkò yìí kì í dúró lójú kan. Náítrójìn náà a máa gba àárín ààrò náà kọjá sí ìsàlẹ̀, a sì tún máa padà sókè, bí agbòjò tí ìjì ń yí síta tí ó sì tún ń yí sínú. Nǹkan bí 23,694 mílíọ̀nù ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni ìwọ̀n ìyípadà yìí, ìgbì rédíò tí ó sì ń ti ibẹ̀ jáde ń jì ní iye kan náà. Gígùn ìgbì yìí kò ju sẹ̀ǹtímítà kan àti díẹ̀ lọ, bí ìbú ìka ọwọ́.

Yàtọ̀ sí yíyí bí agbòjò, amóníà tún ń yí bí òkòtó. Èyí tí ó ń yí jẹ́jẹ́ ni a ó pè ní ará ìsàlẹ̀. Èyí tí ó ń yí kánkán jù bẹ́ẹ̀ lọ ni a ó pè ní ará òkè. Ohùn àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ara wọn, ṣùgbọ́n wọn kò dọ́gba: ìgbì ti ará òkè ń jì ní nǹkan bí 23,723 mílíọ̀nù ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí pé ohùn méjèèjì sún mọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ kan náà lè gbọ́ wọn pa pọ̀ láti ojú àwo kan náà.

Báwo wá ni mólékù kan ṣe ń kúrò nísàlẹ̀ di ará òkè? A lè fi ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí kò ní àtẹ̀gùn. Kò sí bí ará ìsàlẹ̀ ṣe lè dé òkè àfi bí ẹlòmíràn bá tì í gùn, kò sì sí bí ará òkè ṣe lè sọ̀ kalẹ̀ àfi bí ẹlòmíràn bá tì í ṣubú. Àwọn háídrójìn tí ń sáré kiri nínú ìkùukùu ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ títì yìí. Bí gáàsì bá tutù, títì wọn kò lágbára, ìwọ̀nba mólékù díẹ̀ ni yóò sì dé òkè. Bí ó bá gbóná, títì náà le, àwọn ará òkè á sì pọ̀ sí i.

Ìṣirò fi iye rẹ̀ hàn. Bí ìgbóná bá jẹ́ 10 Kelvin, bí a bá ka 100 ará ìsàlẹ̀, nǹkan bí mẹ́ta péré ni a ó rí lókè. Bí ó bá jẹ́ 20 Kelvin, a ó rí nǹkan bí 21. Bí ó bá jẹ́ 40 Kelvin, a ó rí nǹkan bí 59. Ìyàtọ̀ náà hàn gbangba. Ẹni tí ó bá lè sọ iye ará òkè sí iye ará ìsàlẹ̀ ti sọ ìgbóná ìkùukùu náà. Òtítọ́ ni pé bí gáàsì náà bá ti ń gbóná sí i, a ní láti fi àtúnṣe díẹ̀ sí ìṣirò yìí, nítorí àwọn ipò mìíràn tún wà lókè ju méjì yìí lọ. Ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ náà kò yẹ̀. Ní ọdún 1983 ni Paul Ho àti Townes kó gbogbo ẹ̀kọ́ nípa amóníà ọ̀run jọ sínú àpilẹ̀kọ kan tí àwọn onímọ̀ ṣì ń tọ́ka sí.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Òwe yìí ni òfin tí ó ga jù lọ nínú iṣẹ́ tí à ń ṣàlàyé rẹ̀. Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí a kò fi gbọ́ ohùn kan ṣoṣo, kí a sì fi bí ó ti ròkè tó mọ ìgbóná. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ohùn kan lè ròkè nítorí pé ìkùukùu gbóná; ó tún lè ròkè nítorí pé amóníà pọ̀ níbẹ̀, tàbí nítorí pé ìkùukùu náà sún mọ́ wa. Ohùn kan náà lè rẹlẹ̀ nítorí pé ìkùukùu kékeré ni, tí kò kún ojú àwo. Ẹni tí ó gbọ́ ohùn kan ṣoṣo kò lè mọ èyí tí ó fà á nínú gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n bí ohùn méjì bá ti inú ìkùukùu kan náà jáde, ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì rìn, àwo kan náà ni ó gbà wọ́n. Ohun tí ó bá dín ọ̀kan kù ti dín èkejì kù. Bí a bá fi ọ̀kan wọn èkejì, ohun tí ó kù ni ìgbóná.

Ẹ̀rí òwe yìí kò jìnnà sí wa. Samuel Okoye, ọmọ Nàìjíríà tí ó kàwé ní Ìbàdàn kí ó tó lọ sí Cambridge, àti Antony Hewish kọ ìwé kan sínú ìwé ìròyìn Nature ní ọdún 1965. Wọ́n ròyìn orísun kékeré kan nínú ìkùukùu tí à ń pè ní Crab, èyí tí rédíò rẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́nà tí ó ṣàjèjì. Bí a bá fẹ́ ka ìmọ́lẹ̀ náà sí ti ooru lásán, ìgbóná tí a ó pè é yóò ju ohun tí gáàsì kankan lè ní lọ. Ohun àjèjì ni wọ́n pè é, ohun àjèjì ni ó sì jẹ́. Ní ọdún 1968 ni ó hàn pé òkú ìràwọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ń yí bí òkòtó nǹkan bí 30 ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kì í ṣe ooru ni ó mú ohùn rẹ̀ ròkè.

Àpẹẹrẹ kejì wà ní ilẹ̀ Gánà. Ní Kuntunse nítòsí Accra ni àwo ńlá kan wà tí ó fẹ̀ tó mítà 32. Ọ̀rọ̀ tẹlifóònù ni a kọ́ ọ fún, gẹ́gẹ́ bí ibùdó irú rẹ̀ tí Nàìjíríà kọ́ sí Lánlátẹ̀ ní ilẹ̀ Ìbàràpá. Nígbà tí okùn ìbánisọ̀rọ̀ gba abẹ́ òkun wọlé, tí iṣẹ́ àwo náà sì tán, àwọn onímọ̀ Gánà àti ti Gúúsù Áfíríkà yí i padà di awò-awọ̀nàjíjìn rédíò. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2017 ni a ṣí i. Lára ohun tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ni ohùn mẹ́táánọ̀, irú ọtí olóró tí ń fọ́ ènìyàn lójú, láti ibi tí a ti ń bí àwọn ìràwọ̀ ńláńlá. Ohùn yìí, tí ń jì ní 6,668 mílíọ̀nù ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, a máa ròkè tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò bá mọ̀ yóò fi rò pé gáàsì náà gbóná tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù Kelvin. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbóná rẹ̀ gan-an kì í sábà ju ọgọ́rùn-ún Kelvin àti díẹ̀ lọ. Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tuntun tí ó wà nítòsí ni ó ń kó àwọn mólékù náà lọ sókè, tí ọ̀kan fi ń ru èkejì sókè láti sọ̀rọ̀, tí gbogbo wọn fi ń ké lẹ́ẹ̀kan náà. Ariwo kì í ṣe ooru.

Ohun mìíràn tún wà tí ó lè tan ni jẹ. Kábọ́ọ̀nù mónóksáídì, gáàsì inú èéfín jẹnẹrétọ̀ tí ń pa ènìyàn nínú ilé tí a tì pa, pọ̀ ju amóníà lọ púpọ̀ nínú ìkùukùu. Ní ọdún 1970 ni Robert Wilson, Keith Jefferts àti Arno Penzias kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ọ̀run, ní Kitt Peak ní Arizona. Ṣùgbọ́n pípọ̀ tí ó pọ̀ náà ni ìṣòro rẹ̀: èyí tí ó wà níwájú a máa dí ohùn èyí tí ó wà lẹ́yìn. Ohun tí a ń gbọ́ kò ju ọ̀rọ̀ ẹni tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ. Ẹ̀yìn ìkùukùu sì máa ń gbóná ju inú rẹ̀ lọ, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ń bà á, nígbà tí àárín gbùngbùn rẹ̀ wà nínú òkùnkùn tí ó sì tutù bí omi inú àmù. Amóníà ni ó ń bá wa sọ̀rọ̀ láti inú ìyẹ̀wù.

Amóníà pẹ̀lú lè dí ara rẹ̀ lóhùn, ṣùgbọ́n ó ń fi àmì rẹ̀ hàn. Ohùn ará ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀ pín sí márùn-ún, ọ̀kan ńlá ní àárín, kékeré méjì ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti kékeré méjì ní ẹ̀gbẹ́ òsì. Bí gáàsì bá fúyẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn kékeré náà kì í ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ti àárín lọ. Bí a bá rí i pé wọ́n ti ń súnmọ́ ti àárín ní ìró, a mọ̀ pé gáàsì náà ti nípọn tó láti dí ohùn ńlá náà, a ó sì fi ìyẹn ṣe àtúnṣe ìṣirò.

Ìdáhùn tí a gbọ́ kí a tó mọ ìbéèrè rẹ̀

Ọgbọ́n ohùn méjì yìí ti wà kí a tó gbọ́ amóníà rárá. Ní ọdún 1941, Andrew McKellar, onímọ̀ ọmọ Kánádà, ṣe àyẹ̀wò mólékù kan tí a fi kábọ́ọ̀nù kan àti náítrójìn kan ṣe. Òun kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Òjìji tí mólékù náà fi sínú ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ó wò, nínú àwòrán tí Walter Adams yà ní Mount Wilson. Òjìji méjì ni ó wà níbẹ̀, ọ̀kan ti ará ìsàlẹ̀, èkejì ti ará òkè. Ó fi ọ̀kan wọn èkejì, ó sì rí 2.3 Kelvin.

Kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí yóò fi iye yìí ṣe. Gáàsì ibẹ̀ fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mólékù kan kì í fi bẹ́ẹ̀ kọlu èkejì. Ta wá ni ó ń tì í gòkè? Ọdún 24 ni ọ̀rọ̀ náà fi wà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1965 ni Penzias àti Wilson, tí a ti dárúkọ wọn lẹ́ẹ̀kan, ròyìn ooru rírẹlẹ̀ kan tí ó kún gbogbo òfuurufú, tí ó sì ṣẹ́kù láti ìgbà ìbẹ̀rẹ̀ ayé àti ọ̀run. Ìwọ̀n rẹ̀ tí a mọ̀ lónìí jẹ́ 2.725 Kelvin. Ooru yìí ni ó ń ti mólékù McKellar gòkè láti ọjọ́ yìí wá. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé kì í ṣe kí a gbọ́ ẹnu ẹni méjì nìkan ni ó tó. A tún gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí ń dáná. Nínú ìkùukùu tí ó nípọn, gáàsì fúnra rẹ̀ ni. Nínú èyí tí ó fúyẹ́, ó lè jẹ́ ẹlòmíràn.

Ohun tí a ti rí

Pẹ̀lú ọ̀nà yìí, àwọn onímọ̀ ti mọ̀ pé àárín àwọn ìkùukùu dúdú, bí àwọn tí ó wà ní ìhà ìràwọ̀ Taurus, jẹ́ nǹkan bí 10 Kelvin. Nínú ìkùukùu Orion, nítòsí ìràwọ̀ mẹ́ta tí ó tò lọ́wọ̀ọ́wọ́, a rí ibi tí ó ju 100 lọ, nítorí pé àwọn ìràwọ̀ ńlá tuntun ń yáná sí gáàsì tí ó yí wọn ká. Ní ibi tí ó tutù, ìràwọ̀ tí kò wúwo, irú oòrùn wa, lè ti inú ìkùukùu kékeré jáde. Ní ibi tí ó gbóná, ọ̀rọ̀ kò rọrùn bẹ́ẹ̀.

Kí wá ni ó mú kí ìkùukùu tutù tó 10 Kelvin? Àwọn ìtànṣán alágbára tí ń la òfuurufú kọjá kò yéé wọ inú rẹ̀, wọ́n sì ń mú un gbóná. Àwọn tí ń gba ooru náà jáde ni eruku àti àwọn mólékù, pàápàá kábọ́ọ̀nù mónóksáídì. Bí háídrójìn kan bá kọlu mólékù kan, ó fún un ní díẹ̀ nínú agbára sísáré rẹ̀. Mólékù náà á sọ agbára yìí di ìgbì rédíò, ìgbì náà á sì jáde kúrò nínú ìkùukùu, kò tún padà. Nítorí náà àwo rédíò tí ń gbọ́ àwọn ohùn wọ̀nyí kò gbọ́ ìròyìn òtútù nìkan. Ooru tí ìkùukùu náà pàdánù gan-an ni ó wọ inú àwo. Bí àwọn mólékù wọ̀nyí kò bá sọ̀rọ̀, ìkùukùu kò ní tutù; bí kò bá tutù, ìba ṣòro kí oòrùn kankan tó là lórí ayé kankan.